Ìró Tó Gba Iṣẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí A Wò Kí A Tó Ró Aṣọ Lọ Sọ́jà Oko

 

Ọ̀rọ̀ aṣọ la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe aṣọ ẹbí, kì í sì í ṣe léèsì tí a ó fi jó lóde ìyàwó. Aṣọ iṣẹ́ ni: ìró tí à ń ró nígbà tí a bá jí ní ìdájí, tí a ń lọ ra ẹrù ní Ìwátà, ní Ìlàwọ̀ tàbí ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí a ó rìn nínú ìrì, tí a ó gun ọ̀kadà, tí a ó sì gbẹ́rù sọ́kọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló tún wà nínú ìró ríró? Ṣebí láti kékeré la ti ń ró o." A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: a máa ń ná owó gọbọi lórí aṣọ òde, àkísà tí ọwọ́ bá sì kàn la máa ń ró lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ yẹn ni táyà ọ̀kadà wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọta wà, ibẹ̀ náà ni owó ọjà wà ní ìdí wa. Ìró tí kò dára lè mú owó lọ, ó sì lè mú ẹsẹ̀ lọ.

OHUN TÍ WỌ́N FI ṢE AṢỌ NÁÀ

Àwọn ìyá wa àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń hun kíjìpá. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran ni, orí òfì ìdúró tí obìnrin ń lò ni wọ́n ti ń hun ún. Ó nípọn, kì í tètè gbó, igi oko kì í sì í tètè fà á ya. Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, pàápàá bí òjò bá pa á.

Ànkárá ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa báyìí. Àwọn èèyàn wa tó ń ná ọ̀nà Abidjan mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ó pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ilé-iṣẹ́ Uniwax tó ń tẹ aṣọ yìí sì wà ní Abidjan. Ti Vlisco láti ìlú Helmond ní Họ́láńdì ti pẹ́ jù ú lọ. Ọdún 1846 ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Ojúlówó wáàsì, ojú méjèèjì ni wọ́n ń tẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Bí ẹ̀yìn bá funfun, tí iwájú nìkan ní àwọ̀, irú èyí tí wọ́n tẹ̀ lójú kan ni. Kò ní kí ẹ má rà á o, ṣùgbọ́n ẹ má san owó wáàsì lé e lórí.

Ẹ tún bi ara yín bóyá òwú ni tàbí pọlíẹ́sítà. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì kúnná. Pọlíẹ́sítà á yọ́, á ká kò, á di kókó líle bí ike. Ìta gbangba ni kí ẹ ti dán an wò, kí ó jìnnà sẹ́rù. Ẹ má ṣáná nínú ìsọ̀ láéláé!

Èwo ló wá dára jù? Òwú ń fa òógùn mu, ó sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, òun ló tuni lára nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bó bá tutù, á wúwo, kì í sì í yá gbẹ. Pọlíẹ́sítà ń yá gbẹ, àmọ́ ooru rẹ̀ ń múni. Ẹni tó bá ń yan gaàrí ní pàtàkì, kí ó sá fún un: aṣọ méjèèjì ni iná lè ràn mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ní tiwa, òwú ni fún ẹ̀ẹ̀rùn àti fún ìdí iná; ní ìgbà òjò, aṣọ tí wọ́n fi òwú àti pọlíẹ́sítà pa pọ̀ hun lè wúlò fún ẹni tó ń rìn lọ sóko.

Ẹ tún wo bó ṣe hun. Aṣọ tó hun dí, tí ojú rẹ̀ dán, kì í jẹ́ kí èèmọ́ àti wèrèpè rí ibi lẹ̀ mọ́. Èyí tó rí jákujàku tàbí tó ní ihò bíi léèsì, gbogbo igbó ni yóò bá yín délé.

BÓ ṢE GÙN TÓ ÀTI BÓ ṢE FẸ̀ TÓ

Ìró òde lè dé ọrùn ẹsẹ̀. Ti iṣẹ́, kí ó dúró ní agbedeméjì orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa fi tẹ ìrì, a ó sì máa fẹsẹ̀ kọ ọ́ nígbà tí ẹrù bá wà lórí, tí a kò lè wo ilẹ̀.

Ní ti fífẹ̀, ọ̀pá méjì ń tó ẹlòmíràn, ẹni tó lára lè fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ró o níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta: ẹ lóṣòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀, ẹ sì ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń fo gọ́tà. Bí itan bá yọ síta, kò fẹ̀ tó. Bí ẹsẹ̀ kò bá ṣeé yà, ó fún jù.

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò abẹ́ ìró ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn ìyá kan ní kò yẹ obìnrin. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a rò pé ṣòkòtò tàbí táìtì tí ìró bò kò tàbùkù ẹnikẹ́ni. Ó ń dáàbò bo itan lọ́wọ́ ẹ̀fọn àti ewéko tó ń yúnni, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣí ìró, ojú kò ní tì wá.

OHUN TÍ A FI DÈ É

Kókó lásán kì í dúró lára ẹni tó ń gbẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán okùn sí igun ìró méjèèjì, kí okùn náà gùn tó láti yí ìbàdí ká. Ẹni tí kò bá fẹ́ rán an, kí ó fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ dì í lé e lórí.

Owó ńkọ́? Ẹni tó di owó sí etí aṣọ ti gbé e fún olè. Tòbí la mọ̀ nílẹ̀ yìí: aṣọ abẹ́ tó ní àpò, tó sì ní okùn tí a fi ń so ó mọ́ ìdí. Ẹ dá a padà! Télọ̀ lè fi síìpù sí àpò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ Abidjan, tó máa gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá, tó máa la Benin, Togo àti Ghana já, kí ó ní àpò méjì níbẹ̀: ọ̀kan fún náírà, ọ̀kan fún sẹ́fà. Owó tí a ó ná lójú ọ̀nà nìkan ni kí ó wà lókè.

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní Scotland, lápá àríwá erékùṣù Bìrìtéènì, ọkùnrin ló ń ró tiwọn, kilt ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, aṣọ gígùn onírun àgùntàn ni. Wọ́n á fi ìgbànú dè é mọ́ ìdí, ìyókù á gba èjìká, bó bá dalẹ́, wọ́n á tú u fi bora. Ìjọba ibẹ̀ ṣòfin lọ́dún 1746 láti fi de aṣọ náà, ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin ọ̀hún. Lóde òní, àwọn kan ń ró o gun òkè, wọ́n á rán an ní aṣọ fífúyẹ́, wọ́n á fi àpò àti bọ́tìnnì sí i. Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ Utilikilts bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú èyí ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Àpò abẹ́ ìró tí tòbí ti ní tipẹ́! Ohun tí wọ́n ń wá ni àwa náà ń wá: aṣọ tí kì í di ẹsẹ̀, tí kì í tú, tó sì gba afẹ́fẹ́.

Ọ̀KADÀ ÀTI Ẹ̀RỌ

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Etí ìró tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lè wọnú wáyà tàbí ṣéènì, á sì fa ẹni tó ró o wálẹ̀ kí ọlọ́kadà tó mọ̀. Gèlè, ìborùn àti ọ̀já ọmọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ ká etí ìró sókè, ẹ kì í sábẹ́ itan, ẹ jókòó lé e. Jíjókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí aṣọ rọ̀ sí táyà, kò sì sí ohun tí a ó dì mú. Èyí gan-an ló jẹ́ kí ìró tó fẹ̀ àti ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀ wúlò: a lè ya ẹsẹ̀ jókòó láìsí ìtìjú. Ẹ sọ́ra fún sàlẹ́ńsà tó gbóná náà.

Bí aṣọ bá ti kọ́, ẹ pariwo kí ọlọ́kadà dúró, kí ó pa ẹ̀rọ. Ẹ má bẹ́, ẹ má sì fà á nígbà tí táyà ṣì ń yí. Bákan náà ni níbi ẹ̀rọ ìlọta: ẹni tó ró aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ bẹ́líìtì.

Ẹ rántí pé ní January 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò dé akoto lórí ọ̀kadà, àwọn kan lọ ń dé igbá láti fi tan ọlọ́pàá. Ta ni wọ́n tàn? Orí ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi ìró ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

Kí a kádìí rẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa: ẹ ya ìró kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, kí ó jẹ́ òwú tó hun dí, kí ó má dé ilẹ̀, kí ó ní okùn, kí tòbí wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín bí wọ́n ṣe ń ká a kí wọ́n tó gun ọ̀kadà. Ẹ̀yin tó sì ń ta aṣọ nínú wa, ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà: èyí òwú ni, èyí kì í ṣe òwú. Ẹni tí ẹ bá bá sọ òótọ́ á tún padà wá.

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Ẹni tó lọ sọ́jà tó bọ̀ láyọ̀, tó ka owó rẹ̀ tó pé, òun ló múra. A ó lọ re, a ó bọ̀ re o. Àṣẹ.