Afẹ́fẹ́ Tí Ń Pani Bí Ọtí Nínú Ibú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos ní Nàìjíríà, nínú òkun kan náà tí ó dé etí Lomé wa yìí. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó yè: Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, tí ó rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀ kan nínú ọkọ̀ tí ó ti rì. Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 60, títí àwọn òmùwẹ̀ tí a rán wá kó òkú fi bá a láàyè.

Nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà, níbi tí ewu kan ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ fún òmùwẹ̀. Bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní Tokoin Wuiti níhìn-ín ni náítírójìn, tí Faransé ń pè ní azote. Kì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní 30 mítà, agbára tí ó ń tẹ ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀. Náítírójìn a wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, a sì máa pani bí ọtí.

Òmùwẹ̀ náà lè máa rẹ́rìn-ín láìnídìí. Ẹ̀rù òjijì lè ba ẹlòmíràn. Yóò wo aago tí ó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí ó kù, yóò tún un wò, kò ní mọ ohun tí ó kà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Èyí tí ó burú jù ni pé yóò gbà pé ara òun le, bí ọ̀mùtí ti ń búra pé òun kò tíì yó. Nítorí náà ni òmùwẹ̀ kì í fi í dá lọ sí ibú. Ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ bi í léèrè. Bí èsì bá pẹ́, yóò dì í mú, wọn yóò sì jọ gòkè ní mítà mélòó kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ yóò dá. Agbára tàbí ìgboyà kò ràn án.

Kí wọ́n má ṣe sáré jáde lójijì o! Náítírójìn inú ara lè hó, bí ìgbà tí a ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sé Okene mọ́ inú iyàrá irin kan fún nǹkan bí wákàtí 60 mìíràn, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀.