Bí Iṣẹ́ Ẹrù-Gbígbé Bá Bọ́ Sọ́wọ́ Agbaṣẹ́ṣe: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Òṣìṣẹ́ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ Mọ̀

Iṣẹ́ ẹrù-gbígbé jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ fi ń jẹun. Pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá Mùhámmẹ́dù kò jìnnà sí wọn, òpópónà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá sì gba àárín àdúgbò wọn kọjá. Ojú ọ̀nà pápákọ̀ ní Mafolúkù ni ilé-iṣẹ́ Red Star Express fi ṣe ibùjókòó, ilé-iṣẹ́ Jumia náà sì ṣí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan sí Ìsọlọ̀ ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà Aswani bá ń ná, àwọn alùpùpù tó gbé àpótí sẹ́yìn kì í lóǹkà. A dárúkọ àwọn ibi wọ̀nyí láti fi hàn bí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ tó ni, kì í ṣe láti fi ẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kankan.

Ìbéèrè kan wà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn: bí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ wa fún agbaṣẹ́ṣe, kí ni yóò kù sí wa lọ́wọ́? Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù fún ọdún mẹ́jọ kò ní ṣàì bẹ̀rù bí ó bá gbọ́ pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé ẹrù ojú ọ̀nà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí òfin dúró sí kí ó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibi tó dé

Àwọn àgbà a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Iṣẹ́ ẹrù-gbígbé ní Èkó ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ fòpin sí fífi ọ̀kadà gbé èrò ní ọ̀pọ̀ agbègbè. Ilé-iṣẹ́ bíi Gokada, tó ti ń fi alùpùpù gbé èrò, wá kọjú sí ẹrù-gbígbé. Kò pẹ́ tí àrùn kòrónà fi sé gbogbo wa mọ́lé, tí ẹni tí kò rà nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, òfin ọ̀kadà náà dé Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Mushin, Kòṣọ́fẹ́ àti Ṣómólú. Èrò ni òfin náà ní kí ọ̀kadà má gbé. Kò ní kí dísípáàṣì má gbé ẹrù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ náà.

Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2023, ìnáwó orí ọkọ̀ di ẹrù wúwo. Ẹrù a máa pọ̀ ní oṣù Kejìlá, a sì máa dínkù ní oṣù Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í dínkù. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe rò ó pé ó sàn kí àwọn máa sanwó fún iye ẹrù tó dé ọwọ́ oníbàárà, kí agbaṣẹ́ṣe sì máa bójú tó ọkọ̀, epo àti awakọ̀. Òfin kò ka èyí léèwọ̀. Ohun tí òfin wí ni pé ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ìyípadà náà ń gbà wáyé

Ọ̀nà kìíní ni kí ilé-iṣẹ́ gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, kí agbaṣẹ́ṣe sì gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe náà di agbanisíṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo ojúṣe rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ní abala 7 pàṣẹ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé tó ṣàlàyé irú iṣẹ́ rẹ̀, iye owó rẹ̀, àkókò iṣẹ́ àti ìsinmi rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ pé láti òní lọ, agbaṣẹ́ṣe ló ń gbà á síṣẹ́. Abala 10 òfin kan náà wí pé a kò lè gbé àdéhùn òṣìṣẹ́ láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan sí òmíràn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀, tí aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i. Aláṣẹ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé wọn kò fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú òṣìṣẹ́ náà.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ pé ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Wọn yóò máa sanwó ẹrù kọ̀ọ̀kan fún un, òun ni yóò sì ra epo, tí yóò tún alùpùpù ṣe. Ọ̀nà yìí ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò jù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ti máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni láìfura.

Ohun tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kan, pẹ̀lú owó ilé àti owó ọkọ̀ rẹ̀, jẹ́ ₦100,000. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 wí pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá 8 sí i. Ìyẹn ni pé agbanisíṣẹ́ yóò san ₦10,000 lóṣù, òṣìṣẹ́ yóò san ₦8,000. Ní ọdún kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦216,000, tí ₦120,000 nínú rẹ̀ sì ti àpò agbanisíṣẹ́ wá. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìpín agbanisíṣẹ́ nìkan yóò tó ₦1,200,000, láìtíì ka èrè orí rẹ̀. Ẹni tó bá di ọ̀gá ara rẹ̀ kò ní rí owó yìí gbà mọ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìjàǹbá, èyí tó kan ẹni tó ń gun alùpùpù ju ẹnikẹ́ni lọ. Òfin ọdún 2010 lórí ìtọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Òfin náà kò mọ sórí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan. Ó kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n sì béèrè fún owó ìtọ́jú láàárín ọdún kan.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi. Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Bí àìsàn bá dá a dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ó lè gba owó fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ẹ̀kẹrin ni owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 ní ọdún 2024. Òfin náà yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń gba owó lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn odi òfin yìí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi owó tó ju owó oṣù lọ lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ yọ owó epo, táyà, àtúnṣe, dátà àti ọjọ́ òjò kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó ìfẹ̀yìntì tí ẹnikẹ́ni kò ní bá yín san mọ́. Owó tó pọ̀ lójú lè má tó nǹkan bó bá dé àpò.

Bí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù

Abala 20 Òfin Iṣẹ́ fi ojúṣe mẹ́ta lé agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù àti iye ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò kàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ó lè wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìwà ìfọkàntán mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, ó gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí yóò fún àwọn tó ń lọ. Òfin kò dárúkọ iye owó náà. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá fìmọ̀ ṣọ̀kan gbà ni wọn yóò rí, ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ṣe pàtàkì. Abala 9 òfin náà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi wíwà nínú ẹgbẹ́ tàbí àìsí nínú rẹ̀ ṣe májẹ̀mú iṣẹ́.

Àkókò ìkìlọ̀ ṣáájú ìdádúró náà wà nínú abala 11: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì sí ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin yìí ń dáàbò bò. Ìwé àdéhùn ni àwọn ọ̀gá àti onímọ̀ ẹ̀rọ yóò gbára lé.

Iṣẹ́ ni ilé-ẹjọ́ ń wò, kì í ṣe orúkọ

Pé ìwé pe ènìyàn ní agbaṣẹ́ṣe kò sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, dábàá ní ọdún 2006 pé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an ló yẹ kí a wò. Ta ló ń yan àkókò? Ta ló ń yan ojú ọ̀nà? Ta ló ń fìyà jẹ ẹni tó bá pẹ́ dé? Ṣé ẹni náà lè rán ẹlòmíràn ní ipò rẹ̀?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní oṣù Kejì ọdún 2021 pé àwọn awakọ̀ Uber ní ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan náà kò gbà fún àwọn agbóúnjẹ Deliveroo pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, pàápàá nítorí pé wọ́n lè rán ẹlòmíràn ní ipò wọn. Níhìn-ín ní Èkó, àwọn awakọ̀ kan gbé Uber àti Taxify lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ẹjọ́ náà kò gbè wọ́n, nítorí wọn kò fi ẹ̀rí tó tó hàn pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ẹni tí kò bá tọ́jú ìwé, ẹnu lásán ni yóò gbé délé ẹjọ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe, àti ibi tí ẹ lè lọ

Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù, àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ń rán yín níṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín bóyá owó náà ń wọlé lóòótọ́. Bí wọ́n bá gbé ìwé tuntun wá, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e délé, ẹ kà á, kí ẹ sì fi hàn ẹni tó mọ̀.

Òtítọ́ tí a gbọ́dọ̀ sọ ni pé òfin orílẹ̀-èdè yìí fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè ṣe òfin iṣẹ́ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ní ìyanjú, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní Ìkòyí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò fi yín sílẹ̀. Ibùdó ìpẹ̀tùsáàwọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń bá tọ̀tún-tòsì parí aáwọ̀ láìgba owó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú, OPD, sì ń gbẹnu sọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò.

Ẹni tó bá ti di ọ̀gá ara rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Láti ọdún 2019 ni àjọ PenCom ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kéékèèké, kí wọ́n lè máa dá owó ní ìwọ̀nba agbára wọn. Ètò ìlera ÌLERA ÈKÓ wà fún gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́ tó ń bá a yọ owó orí ni yóò fúnra rẹ̀ jíṣẹ́ owó tó rí fún àjọ LIRS kí oṣù Kẹta ọdún tó parí.

Ọ̀rọ̀ wa sí àwọn ilé-iṣẹ́ àti agbaṣẹ́ṣe

Ọmọ Èkó ni ẹ̀yin náà, a sì fẹ́ kí òwò yín gbèrú. Bí ìyípadà bá di dandan, ẹ tètè sọ ọ́, ẹ pe aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó, ẹ san ohun tó tọ́ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ní òṣìṣẹ́ 15, ojúṣe owó ìfẹ̀yìntì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Agbaṣẹ́ṣe tó bá rán ọmọ ènìyàn sójú títì márosẹ̀ láìsan owó NSITF, òfin yóò bi í léèrè lọ́jọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹrù tó dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìkẹjà tàbí ní Lẹ́kí, ẹnì kan ló gbé e la òjò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá kó tó dé. Ẹ̀tọ́ onítọ̀hún wà nínú òfin; kí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì béèrè fún un nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó o.