Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí ẹ tó ra dáyámọ́ńdì

Títóbi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Káráàtì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìwọ̀n ìwúwo sì ni. Káráàtì 5 ló wà nínú gíráàmù 1. Ṣùgbọ́n gígé rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá gé e jìn jù tàbí pẹlẹbẹ jù, ìmọ́lẹ̀ á gba ìdí rẹ̀ jáde, òkúta náà kò sì ní tàn dáadáa, bó ti wù kó tóbi tó.

Ní ti àwọ̀, GIA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò dáyámọ́ńdì ní Amẹ́ríkà, ń tò ó láti D, tí kò láwọ̀ rárá, dé Z. Ní ti mímọ́, àbàwọ́n inú òkúta tó wà ní ìpele VS2 kì í sáábà hàn sí ojú lásán, ẹ má náwó kún un lásán torí ìpele tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí GIA, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó sanwó.