Ọ̀rọ̀ Lórí Nọ́sù Epo Inú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kó ẹrù láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ kò bá fẹ́ gun òkè mọ́, tí ó sì ń mu epo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mekáníìkì a ní kí a yọ nọ́sù kí a fọ̀ ọ́. Fífọ̀ náà dára. Dídá a padà sí àyè rẹ̀ ni ewu wà, nítorí pé nọ́sù tí a fi sípò láìbìkítà lè sọ ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ di eérú.

Ní ayé kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń fa epo wọlé. Ti nọ́sù kò rí bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná ni ó ń ṣí i, pọ́ǹpù sì ń fi agbára ti epo dé ẹnu rẹ̀. Nínú Toyota Camry onísílíńdà mẹ́rin ti nǹkan bí ọdún 1995, agbára náà tó bí ìwọ̀n pọ́n-ùn 40 lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Ó ju ti afẹ́fẹ́ tí fọganáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ náà lọ. Ohun tí ó sì dènà fún gbogbo agbára yìí kò ju rọ́bà róbótó kan tí ó rí bí òrùka ọmọdé.

Ooru ẹ́ńjìnnì ti se rọ́bà yìí fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi gan bí ike. A mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọ nọ́sù tán tí ó tún dá rọ́bà àtijọ́ padà, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Tuntun ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ èyí tí a ṣe fún pẹtiróòlù. Rọ́bà ti ẹ̀rọ omi yóò wú, yóò sì bàjẹ́ nínú epo.

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a yọ fíúsì pọ́ǹpù, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí a sì yọ orí bátìrì. Kí a gbá ìdọ̀tí ẹ̀gbẹ́ nọ́sù kúrò, nítorí iyanrìn tí ó bá jábọ́ sínú ihò, inú sílíńdà ni ó ń lọ. Ẹni tí ń mu sìgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá.

Nígbà tí a bá ń dá a padà, kí a fi epo tí ó mọ́ pa rọ́bà tuntun náà díẹ̀, kí a sì máa yí nọ́sù sọ́tùn-ún sósì bí a ti ń tì í sínú ọ̀pá tí ń pín epo. Kí a má ṣe fi òòlù lù ú. Rọ́bà a máa ya níbi tí ojú kò tó. Bí a bá ti fi ọ̀pá náà jókòó, kí a fi ọwọ́ yí nọ́sù kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí kò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà rẹ̀ ti lọ́ ní inú, kí a tú u padà. Ọ̀pọ̀ mekáníìkì ni kì í ṣe àyẹ̀wò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà tó ìṣẹ́jú kan.

Ẹ dúró ti ọkọ̀ yín nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sítáàtì rẹ̀, kí korobá iyanrìn kan sì wà nítòsí. Nínú ọkọ̀ mìíràn, yíyí kọ́kọ́rọ́ lásán ti tó fún pọ́ǹpù láti ta epo; nínú àwọn Toyota àtijọ́ kan, kò ní ta á àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Kí ẹnì kan di kọ́kọ́rọ́ mú, kí èkejì fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kán tóó, kí a pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí pẹtiróòlù, tí ó sì ga ju ibi tí ẹ fi sí lọ, nọ́sù kan wà tí kì í padé. Epo rẹ̀ ni ó ń ṣàn sínú ọ́ìlì. Kí ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà títí a ó fi pààrọ̀ nọ́sù yìí àti ọ́ìlì pọ̀.