Abẹ́rẹ́ HPV fún Ọmọbìnrin Tí Kò Rí I Gbà ní Ilé Ìwé

Ìwé ìlàlóye fún òbí, alágbàtọ́ àti àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá ti gbé àpótí àjẹsára wọ ọgbà ilé ìwé, iṣẹ́ a máa yá. Tíṣà a to àwọn ọmọ, nọ́ọ̀sì a jókòó sábẹ́ igi tàbí sí kíláàsì kan, kí aago ìsinmi tó lù, ọ̀pọ̀ ọmọ ti gba tiwọn tán. Ọmọ tí ibà dá dúró sílé lọ́jọ́ náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n lé wálé nítorí owó ilé ìwé ńkọ́? Èyí tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí kò lọ sílé ìwé mọ́ rárá ńkọ́? Kò sí ẹni tó pe orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn náà wà lára àwọn tí ìjọba torí wọn gbé abẹ́rẹ́ yìí wá.

Ẹ̀yin tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ yín ni àwa òṣìṣẹ́ ìlera kọ ìwé yìí fún. Ẹ kò ní láti dúró de ilé ìwé. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò yín, tí ẹlòmíràn ń pè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ni abẹ́rẹ́ náà ti ń wá. Nítorí pé ọmọ pọ̀ síbì kan nílé ìwé la ṣe ń gbé e lọ síbẹ̀.

Àrùn tí abẹ́rẹ́ náà ń dènà

HPV ni wọ́n ń pe kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń ràn láti ara sí ara nígbà ìbálòpọ̀. Ó wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ tọkùnrin tobìnrin ló ń kó o nígbà kan láìmọ̀, tí ara wọn á sì lé e lọ láìlo oògùn. Ara ẹlòmíràn kì í lé e lọ. Á fara pamọ́ sí ẹnu ilé ọmọ obìnrin fún ọdún gbọọrọ, ó lè tó ọdún 15 tàbí 20, kó tó di jẹjẹrẹ. Ní gbogbo àsìkò yìí, obìnrin náà ń lọ ọjà, ó ń bímọ, kò sí ibi tó ń dùn ún. Nígbà tí yóò bá fi rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró pátápátá, àrùn náà lè ti jinlẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ni jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní Nàìjíríà, ó sì pa nǹkan bí 8,000. Ó ń dùn wá láti kọ iye yìí sílẹ̀, torí pé àrùn tó ṣeé dènà ni.

Oríṣi HPV pọ̀. Oríṣi méjì, ìyẹn 16 àti 18, ló ń fa nǹkan bí méje nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ mẹ́wàá, àwọn méjèèjì yìí sì ni abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń lò gbájú mọ́ jù. Ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé ní 2008, àwọn olùṣèwádìí gbé àbájáde kan jáde ní ọdún 2024: nínú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 12 tàbí 13, wọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní jẹjẹrẹ yìí. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, láti ọdún 2011 ni Rwanda ti ń fún àwọn ọmọbìnrin tiwọn káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ta ló lè gbà á?

Ọmọbìnrin tó ti pé ọdún 9, tí kò sì tíì pé 15. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló máa gbà, ó tán nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló fọwọ́ sí i lọ́dún 2022 pé ẹyọ kan tó fún ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí. Ti ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV yàtọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbọ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀. A kì í sọ ọ́ síta.

Àwọn òbí kan rò pé ètò náà ti kọjá, torí wọn kò gbọ́ ìkéde mọ́. Kò kọjá o. Ọjọ́ 24 oṣù October 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti Àbújá. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára wọn. Ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àti àwọn yòókù ní ọjọ́ 27 oṣù May 2024. Lẹ́yìn ìpolongo yẹn, abẹ́rẹ́ HPV ti di ọ̀kan nínú àjẹsára tí sẹ́ńtà ń fúnni déédéé, bíi ti ọmọ ọwọ́. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́jọ nígbà náà ti tó o báyìí.

Bí ọmọ yín bá ti ń sún mọ́ ọdún 15, ẹ má sọ pé ó di ọlidé. Ọ̀fẹ́ ìjọba kò kọjá ọjọ́ orí yẹn. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ ṣì lè gbà á ní ilé ìwòsàn aládàáni, ṣùgbọ́n owó ni yóò fi gbà á, owó náà kò sì kéré, ó sì lè ju abẹ́rẹ́ ẹyọ kan lọ.

Ọjọ́ wo ni kí ẹ wá?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ àjẹsára. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ńtà ló ní fíríìjì tó lè tọ́jú abẹ́rẹ́. A gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ yìí sínú òtútù tó wà láàárín dígírì 2 sí 8. Ibi tí kò bá ti sí fíríìjì, òṣìṣẹ́ máa ń lọ gbé e láàárọ̀ ọjọ́ àjẹsára láti yàrá òtútù ìjọba ìbílẹ̀, nínú àpótí tí wọ́n to yìnyín sí, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, á dá èyí tó kù padà. Bí ẹ bá wá lọ́jọ́ mìíràn, a lè wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ má sí. Ọjọ́ náà sábà máa ń wà lára ògiri sẹ́ńtà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ mátírọ́ọ̀nù, tàbí kí ẹ bi ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ kan ládùúgbò, torí wọ́n mọ ọjọ́ náà dáadáa.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìgò àjẹsára èéyi tàbí ti ikọ́ ife máa ń tó ọmọ púpọ̀, bí a bá sì ti pò ó, wákàtí mélòó kan ló ní kó tó di dídànù. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń ní kí ìyá kan dúró kí ọmọ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ìgò HPV tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan, ìgò kan. Bí ọmọ yín nìkan bá dé lọ́jọ́ àjẹsára, a ó ṣí i fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mú un wá

Kí òbí tàbí àgbàlagbà tó ń tọ́ ọ bá a wá. Bí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá ló ń gbé, kí ẹni yẹn pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lórí fóònù ṣáájú, kó ṣàlàyé, kó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Bí káàdì àjẹsára ìgbà ọmọdé rẹ̀ bá wà, ẹ mú un dání, a ó bá yín wò ó bóyá àjẹsára mìíràn wà tí kò gbà. Àìsí káàdì kò ní kí a dá yín padà. Ọjọ́ orí la fẹ́ mọ̀, bí ẹ kò bá sì rántí ọjọ́ ìbí gan-an, ọdún tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n bí i sí tó fún wa.

Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó kúrò nílé. Ọmọ tí ebi ń pa ni òòyì sábà máa ń kọ́. Kó wọ aṣọ tó ṣeé ká sókè dé èjìká. Ọmọ tó ń lo ìjáàbù lè ní kí a fún òun nínú yàrá, kí obìnrin sì fún òun.

Ibà líle la máa ń torí rẹ̀ sún un síwájú. Kàtáà kékeré kò dí i lọ́wọ́, nǹkan oṣù náà kò dí i lọ́wọ́. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bí abẹ́rẹ́ kan bá ti fa wàhálà ńlá fún un rí, tàbí bí ó bá ṣeé ṣe kó wà nínú oyún.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìgò hàn yín

Lára ìgò kékeré náà ni àmì roboto kan wà, ohun onígun mẹ́rin tín-ń-tín sì wà ní àárín rẹ̀. Bí onígun mẹ́rin yẹn bá mọ́lẹ̀ ju roboto tó yí i ká lọ, ooru kò tíì bà á jẹ́. Bí àwọ̀ àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí ti àárín bá dúdú jù, a kì í lò ó. Kò sí nọ́ọ̀sì tó yẹ kó bínú sí òbí tó bá béèrè. Síríńjì tuntun la máa ń já lójú yín. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á há, kò sì ní ṣeé fà mọ́, inú páálí tí a yà sọ́tọ̀ fún abẹ́rẹ́ sì la ó jù ú sí lójú ẹsẹ̀.

Apá lókè, nítòsí èjìká, ni wọ́n ti ń gún un. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ bá wa mú eléyìí ní dandan. Àwọn ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí yìí máa ń dákú nítorí ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́, ìṣubú yẹn ló sì lè ṣe wọ́n léṣe.

Apá lè dun ún, ojú ibẹ̀ lè wú tàbí kó pọ́n, orí lè fọ́ ọ, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀. Kò sábà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ẹ má fi òróró tàbí àgbo ra ojú abẹ́rẹ́. Bí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ara rẹ̀ sú yìn-ìn, ẹ gbé e wá kíákíá; ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀.

Ohun tí àwọn òbí máa ń bi wá jù

Wọ́n máa ń béèrè bóyá abẹ́rẹ́ yìí kò ní sọ ọmọ di àgàn. Rárá. A kò fojú kékeré wo ìbéèrè náà, torí ọmọ bíbí kì í ṣe ohun kékeré nílé wa. Kò sí kòkòrò alààyè nínú abẹ́rẹ́ yìí. Èèpo ìta kòkòrò náà nìkan ni wọ́n ṣe, bí ìkarahun ìgbín tí ìgbín kò sí nínú rẹ̀: ara ọmọ á mọ̀ ọ́n lójú, á sì mọ bí yóò ṣe lé èyí tó bá jẹ́ ojúlówó dànù. Kò débi ilé ọmọ, kò débi ẹyin. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ gan-an ló ń gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ obìnrin, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, gígé ni wọ́n ń gé ilé ọmọ náà kúrò kí ẹ̀mí má bàa bọ́.

Àwọn mìíràn ní ọmọ àwọn ṣì kéré, kí ló kàn án pẹ̀lú àrùn ìbálòpọ̀? Kíkéré rẹ̀ gan-an ló mú kó bọ́ sí àsìkò. Abẹ́rẹ́ yìí kì í wo ẹni tí kòkòrò ti wọ̀ lára sàn; ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ni. Bákan náà, ara ọmọdé ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju ti àgbà lọ. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó tó kí ẹ sọ fún un pé àjẹsára tí kò ní jẹ́ kó ní jẹjẹrẹ nígbà tó bá dàgbà ni. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ ń kọ́ ọ, ẹ máa bá a lọ.

Sí ẹ̀yin ọ̀gá

Lọ́dọ̀ yín ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a kò rí wà: nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti ti aránṣọ, lẹ́yìn ìsọ̀ ọjà, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ọmọ yìí kò lè gba ara wọn láyè. Bí ọ̀gá kò bá dá wọn sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọn kò ní débẹ̀, wọ́n á sì dàgbà kọjá rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ fún wọn láàárọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá pọ̀ lójú kan, kí alága ẹgbẹ́ tàbí ìyálọ́jà wá bá mátírọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀, kí a lè jọ wò ó bóyá a lè gbé àpótí wá bá yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn alùfáà tó ní ilé kéú.

Káàdì àti owó

Wọ́n á fún ọmọ ní káàdì tí ọjọ́ tó gbà á wà lára rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, torí ọmọ tó ń ṣí láti ọ̀dọ̀ kan sí òmíràn kì í pẹ́ sọ káàdì nù. Bí ilé ìwé bá padà wá gba àwọn ọmọ jọ, ẹ fi hàn wọ́n kí wọ́n má bàa fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Abẹ́rẹ́, síríńjì, káàdì, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san nǹkan kan, ẹ má san án. Ẹ bi mátírọ́ọ̀nù, bí kò bá sì yanjú, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí abẹ́rẹ́ bá tán lọ́jọ́ tí ẹ wá, ẹ má kàn yí padà lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ orí rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba ọjọ́ tí wọ́n ń retí òmíràn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.