Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Ìtọ́jú ara ní ìgbà ooru àti òjò

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti lọ, tí ooru oṣù kejì àti oṣù kẹta sì dé, ara ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìtọ́jú mìíràn. Ètè tí ó là nínú ọyẹ́ kò tíì san tán, gìgísẹ̀ ṣì sán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òógùn ti ń ṣàn, tí eruku ọ̀nà sì ń lẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò ní pẹ́ tí òjò yóò fi dé, tí aṣọ kì yóò tètè gbẹ, tí ẹsẹ̀ yóò sì máa wà nínú ẹrẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ní irú àkókò báyìí ni àwọn ọlọ́jà a máa pàtẹ ìgò àti agolo lóríṣiríṣi, tí olúkúlùkù ń ṣe ìlérí ẹwà. Ọ̀pọ̀ ìdílé a sì máa ná owó oúnjẹ lé wọn lórí.

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn awọ ara rí. Awọ ni odi tí ó yí ara ká. Òun ni ó ń pa omi ara mọ́ kí ó má bàa gbẹ. Òun ni ó ń dènà kòkòrò àrùn. Òun ni ó ń fi òógùn tu ara lára nínú ooru. Ohun dúdú tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì ń gba oró oòrùn kí ó má wọlé. Ohun tí ó bá ń gbé odi yìí ró ni ó ń bu ẹwà kún ènìyàn. Ohun tí ó bá ń wó o lulẹ̀, bí ó tilẹ̀ dán lójú fún oṣù mẹ́ta, ìbàjẹ́ ni ó ń ṣe. Inú rere ni ó sì jẹ́ pé àwọn ohun tí ń gbé e ró kò wọ́n; èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wà ní ọjà ìlú olúkúlùkù.

ÌWẸ̀ ÀTI ỌṢẸ

Ní ìgbà ooru, ó yẹ kí a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Omi tútù tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ó dára. Omi gbígbóná a máa bọ́ òróró àdámọ́ kúrò lára awọ, awọ a sì gbẹ, a máa yún.

Ọṣẹ dúdú ṣì jẹ́ ọṣẹ àtàtà. A máa ń sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú. A ó da omi sí eérú náà, a ó sì sẹ́ ẹ. Omi tí ó bá jáde ni a ó sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí yóò fi dì. Ọṣẹ yìí a máa fọ òógùn àti ìdọ̀tí dáradára, ṣùgbọ́n omi eérú tí ó wà nínú rẹ̀ le. Nítorí náà kí a má ṣe fi í pa ojú kí a sì jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti ń ṣe. Kí a fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi hó, kí a fi ìfófòó rẹ̀ wẹ̀, kí a sì ṣan án kúrò kíákíá. Ẹni tí awọ rẹ̀ bá tètè ń yún, kí ó kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò ní apá fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó kàn án mọ́ ojú.

Kànrìnkàn pẹ̀lú dára, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kànrìnkàn kan fún gbogbo ilé a máa pín làpálàpá àti èéwo kiri. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí ibi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ yóò ti kàn án. Kí a fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ lò ó. Bí a bá ha awọ títí ó fi ń ta, odi ni a ń gbẹ́.

ÒRÍ ÀTI ÀDÍN

Igi òrí kì í sábà hù nínú igbó kìjikìji. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ó fẹ́ràn, ní ìhà Ṣakí, Kíṣí àti Ìgbòho, títí dé ilẹ̀ Bàrùbá àti ilẹ̀ Núpé. Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, rí i nínú ìrìn-àjò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1795 láti wá odò Ọya, ó sì ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1799. Ó yin òrí ju bọ́tà màlúù lọ, nítorí pé ó lè wà fún odidi ọdún kan láìfi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni òrí ṣíṣe. Nígbà òjò ni wọn a máa ṣa èso rẹ̀. Wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a sì lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn ó fi omi po ó, tí wọn ó máa fi ọwọ́ rò ó títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Igi náà a máa tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáradára. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó bá gé e sun fún èédú ti pa ohun tí ọmọ rẹ̀ ìbá jẹ.

Òrí kì í fún awọ ní omi. Omi tí ó ti wà níbẹ̀ ni ó ń sé mọ́lé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a fi í pa ara ní kété tí a bá wẹ̀ tán, nígbà tí ara ṣì tutù díẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó. Nínú ọyẹ́ a lè fi pa ara lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ooru, kí a fi alẹ́ nìkan mọ, nítorí ọ̀rá púpọ̀ lábẹ́ oòrùn a máa dí ojú ihò òógùn, àwọn kókó wẹ́wẹ́ ti ooru yóò sì sú sí ọrùn àti ẹ̀yìn. Àdín àgbọn pẹ̀lú dára fún apá, ẹsẹ̀ àti irun. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń sú kókó má ṣe fi í pa ojú.

Fún gìgísẹ̀ tí ó sán, kí a ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a fi òkúta ìfọsẹ̀ rà á jẹ́jẹ́, kí a nù ún, kí a fi òrí pa á, kí a sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Bí a bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàtọ̀ yóò hàn. Kí a tọ́jú òrí sínú ohun tí ó ní ìdérí, kí a má sì fi ọwọ́ tútù bù ú, kí ó má bàa bàjẹ́.

ÀWỌN ÀFÍN ÀTI OÒRÙN

Awọ àfín kò ní ohun dúdú tí ń gba oró oòrùn, tàbí kí ó jẹ́ ìwọ̀n kékeré ni ó ní. Nítorí náà oòrùn a máa jó o, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, ó lè di àrùn jẹjẹrẹ awọ. Kí àwọn òbí tí ó bí àfín tètè mọ èyí. Ọmọ náà nílò fìlà etí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn, àti ìjókòó lábẹ́ ibòji láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kí olùkọ́ má ṣe mú un dúró sínú oòrùn lórí pápá. Òrí kò tó láti dáàbò bò ó. Bí apá bá ká a, kí a ra ìpara tí a ṣe fún dídènà oòrùn. Egbò èyíkéyìí lára àfín tí kò bá san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

IRUN ORÍ ÀTI IRÙNGBỌ̀N

Kí ènìyàn di ṣùkú tàbí kó kó irun pẹ̀lú òwú, ohun kan náà ni kí ó ṣọ́: kí a má ṣe fà á le jù. Bí orí bá ń fọ́ ni lẹ́yìn irun dídì, tàbí tí kókó wẹ́wẹ́ bá sú sí ìdí irun, ó ti le jù. Kí a tú u. Irun iwájú orí tí a ń fà le ní ọdọọdún a máa lọ, bí ó bá sì pẹ́ púpọ̀, kì í hù mọ́. Kí a jẹ́ kí orí sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láàárín irun kan sí èkejì, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi àdín díẹ̀ pa á, kí a sì fi òòyà eléyín gbòòrò yà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Àwọn ọkùnrin tí ọrùn wọn máa ń sú kókó lẹ́yìn irùngbọ̀n fífá, kí wọ́n fá a sí ìhà ibi tí irun náà dojú kọ, kí wọ́n má sì fá a dé gbòǹgbò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ẹlòmíràn pín abẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò hàn sí ojú lè gbé àrùn láti ara ẹnìkan dé ara ẹnìkejì.

NÍGBÀ ÒJÒ

Nígbà òjò, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Kí a nu àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ àti lẹ́yìn oko, nítorí ibẹ̀ ni awọ ti máa ń bó. Eṣinṣin kan sì wà tí ń yé ẹyin sára aṣọ tí kò gbẹ. Ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ, a sì wú bí èéwo. Kí a má ṣe sá aṣọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí a sì lọ aṣọ tẹ̀gbẹ̀tọ̀tún, pàápàá aṣọ ọmọ ọwọ́, nítorí gbígbóná áyọ́ọ̀nù ni ó ń pa ẹyin náà.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A SÁ FÚN

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa wọn gidigidi.

Èkíní ni ìpara tí ń bó àwọ̀. Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń bá nínú wọn: mákúrì, hydroquinone, àti àwọn oògùn alágbára tí dókítà nìkan ni ó yẹ kí ó fúnni. Mákúrì a máa dá ohun dúdú inú awọ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n a máa wọ inú ara, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́. Bí aláboyún bá lò ó, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Hydroquinone, bí a bá lò ó pẹ́, a máa ṣe òdìkejì ohun tí a ń wá: ẹ̀rẹ̀kẹ́ a dú bí ẹni tí iná jó, awọ a sì le, èyí kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Ní ọdún 1975 ni a ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba ilẹ̀ náà sì fòfin dè é nínú ohun ìpara ní ọdún 1990. Àwọn oògùn alágbára náà ní tiwọn a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí egbò kì í fi í tètè san.

Àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì, tí a ń pè ní Minamata, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2013, ti fi òfin de mákúrì nínú ohun ìpara. Síbẹ̀ ó ṣì ń wọ ọjà. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ bí mercury, calomel tàbí mercurous chloride lára agolo, kí a má ṣe rà á. Bí kò bá sí orúkọ èròjà kankan lára rẹ̀, kí a má ṣe rà á rárá. Ìpara tí a pò ní ẹ̀yìn ìsọ̀, àti ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní ti ìmúnipupa, irú kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó ti ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, kí ó tọ dókítà lọ kí ó tó dá wọn dúró, nítorí dídúró lójijì nígbà mìíràn a máa mú kí awọ wú kí ó sì ta.

Èkejì ni tìróò, pàápàá lójú ọmọ ọwọ́. Púpọ̀ nínú tìróò tí a ń tà ni a fi òkúta òjé lọ̀. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí a yẹ tìróò tí wọ́n fi ń lé e lójú wò, ó ju 80 nínú 100 lọ tí ó jẹ́ òjé. Òjé a máa wọ ọpọlọ ọmọdé, a sì máa dín òye rẹ̀ kù. Kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní ọdún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀, ọmọdé tí ó lé ní 400 ni ó kú. Ojú ọmọ dára bí ó ti wà. Kí ìyá tí ó bá ní tìróò nínú àpótí gbé e jìnnà sí ọwọ́ ọmọ, kí ó má sì lò ó fún ara rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú agbọ̀n ìtọ́jú ilé kan kò ju èyí lọ: ọṣẹ dúdú gidi, òrí ìwọ̀nba kan, ìgò àdín kan, kànrìnkàn àti òòyà fún olúkúlùkù, àti aṣọ ìnura tí ó gbẹ. Owó tí agolo kan ìpara ìbóra ń gbà lè ra ohun tí odidi ìdílé yóò fi tọ́jú ara fún ìgbà pípẹ́, kí ẹyọ owó sì ṣẹ́kù fún èso àti ẹ̀fọ́, tí àwọn pẹ̀lú ń bọ́ awọ láti inú wá. Ìyàwó tí ó kù oṣù mẹ́ta kí ó relé ọkọ kò nílò àwọ̀ mìíràn. Kí ó fi òrí pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀ lálaalẹ́, kí ó sùn tó, kí ó sì mu omi; ní ọjọ́ náà, awọ tí a bí mọ́ ọn ni yóò máa dán.