Ìwádìí Tí Kì í Fọ́ Ohun Tí Ó Ń Wádìí

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ó lè ya yín lẹ́nu pé èmi, tí iṣẹ́ mi jẹ mọ́ lítíréṣọ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òkúta òfurufú. Ìbéèrè kan ni ó so wá pọ̀: báwo ni a ṣe lè mọ inú ohun kan láìba á jẹ́? Gbogbo ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni ó mọ̀ pé bí a bá ti gé iṣu wo inú rẹ̀, kò ṣeé kó pamọ́ mọ́.

Nílẹ̀ wa, edùn àrá ni a kà sí òkúta tí ó ti ojú ọ̀run já. Àwọn onímọ̀ ohun àtayébáyé ti fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àáké òkúta tí àwọn ará àtijọ́ lọ̀ títí ó fi ń dán. Síbẹ̀, òkúta a máa já ní tòótọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1962, ọ̀kan tí ó wọn nǹkan bí kílò 18 já sí oko àgbẹ̀ kan ní Zagami, ní ìhà Katsina. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ wá.

Ìdí nìyí tí àwọn ará Jàpáànù fi rán ọkọ̀ òfurufú Hayabusa lọ sí òkúta Itokawa ní 2003. Ó dé ibẹ̀ ní 2005, ó sì padà balẹ̀ sí Ọsirélíà ní oṣù kẹfà 2010. Ọta tí ó yẹ kí ó yìn láti gbọn eruku jáde lára òkúta náà kò yìn. Ẹ̀rù bà wọ́n pé àpótí lè ṣófo. Hóró tí ó lé ní 1,500 ni wọ́n bá níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ṣé eruku ayé yìí kọ́?

Wọ́n gbé díẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀rọ SPring-8, níbi tí ìtànṣán X ti lágbára ju ẹ́síréè ilé ìwòsàn lọ fíìfíì. Wọ́n ń yí hóró díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, títí inú rẹ̀ fi hàn kedere. Àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò bí ebè oko. Bí ìtànṣán bá kọ lu wọn, ó ń yà sí ìhà kan pàtó, ìhà náà ni ó sì ń sọ bí poro ti fẹ̀ tó láàárín ebè sí ebè. Àlùmọ́ọ́nì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n poro tirẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá olivine mọ̀ yàtọ̀ sí pyroxene.

Ní 2011 ni wọ́n tẹ àbájáde jáde: ara Itokawa ni hóró wọ̀nyí ti wá, wọ́n sì bá irú òkúta kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń já sáyé mu. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kà wọ́n báyìí ni wọ́n tó gé díẹ̀. Wọ́n fi òmíràn pamọ́ de àwọn tí ojú wọn yóò mú ju tiwa lọ.

Irú ìtànṣán yìí lè yẹ edùn àrá ojúbọ wò láìha á lára. Kò di dandan kí onílé yan ọ̀kan nínú ọ̀wọ̀ àti ìmọ̀. Ìmọ̀ tí ó bá jẹ ohun tí ó ń wádìí tán, kí ni yóò kù fún ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn láti kà?